Búlúù Lára Ọkọ̀ Ìjàpá Funfun

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè kan, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọkọ̀ funfun oníbàárà mi di búlúù. Mi ò fi ọ̀dà kùn ún o. Fífọ̀ ni mo ń fọ̀ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa fọ ọkọ̀ láyé mi nìyẹn, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí ẹbí ọkọ obìnrin tó ni ín wá wò ó, láti mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí lẹ́yìn ìgbà yẹn, tí mò ń gbé báàkẹ́ẹ̀tì méjì kiri Surulere, tí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ń bẹ̀ mí kí n yà sọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Sátidé, kò ní gbà pé bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bò ó.

Alágbàfọ̀ ni mí nígbà náà. Ràfátù lorúkọ mi, àmọ́ Ìyá Múrí ni gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ń pè mí. Ọ̀yọ́ ni mo ti bá ọkọ mi wá sí Èkó, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ sì ni mo gbájú mọ́. Ẹni tó bá kó aṣọ funfun fún mi, tó bá gbà á padà, á gbé e sókè sí oòrùn, á wò ó títí, á ní, “Ìyá Múrí, ṣé tèmi nìyí?” Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé, “Tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ pé ó funfun tó bẹ́ẹ̀.” Ẹnu mi mú nígbà yẹn. Ó ṣì mú.

Mọ̀mí Bísí wà lára àwọn tí mò ń fọṣọ fún. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá. Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti bí ọdún kan. Ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀ kò pọ̀: ọmọbìnrin kan, ìwé rẹpẹtẹ, àti ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Funfun ni. Iwájú ilé ló wà, níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mọ̀mí Bísí á wọ inú ẹ̀, á tan án, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, á pa á, á wọlé. Kì í gbé e jáde.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìsìn ìrántí ọdún kan, bàbá àgbà kan wá láti Òṣogbo. Àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ni, òun sì ni olórí ẹbí. Agbádá aró dúdú kirikiri ni bàbá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń dúró de àwọn tó kù, bàbá fẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà. Ìgbà tó máa kúrò níbẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn agbádá ti funfun, bíi ti ẹni tó fara kan ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ẹfun. Bọ̀dá Dípọ̀, àbúrò olóògbé, tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ti ń wá irú àyè yẹn tipẹ́.

“Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó,” ó wí. “Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ló ń di ẹfun mọ́ wọn lọ́wọ́ yìí. Wọn ò wà á, wọn ò tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ.”

Bàbá gbọn agbádá títí, ẹfun náà kò lọ. Ó wá yíjú sí obìnrin náà. “Ìyàwó, ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

“Mò ń padà bọ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì òní. Bí mo bá tún bá a báyìí, Dípọ̀ á gbé e lọ.”

Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mọ̀mí Bísí ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo lọ kó aṣọ rẹ̀ ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì. Mo bá a lórí àga, aṣọ kankan kò sí nínú apẹ̀rẹ̀. Ó ti lọ bá pẹ́ńtà mọ́tò kan, ìyẹn ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ó ti ní kí àwọn tó ń fọ mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wá fọ̀ ọ́, wọ́n fọ̀ ọ́, omi gbẹ, ẹfun tún yọ. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni inú ń bí mi bọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń fọ mọ́tò yẹn lẹ́nu iṣẹ́. Kànìnkànìn ni wọ́n fi ń ha ọkọ̀ bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àkísà tó já bọ́ sórí yanrìn, wọ́n á he é, wọ́n á tún gbé e lé ọkọ̀. Tí aṣọ funfun bá já bọ́ lọ́wọ́ tèmi, omi tuntun ni mo máa ń bù.

“Mọ̀mí, ẹ gbé e fún mi,” mo ní.

“Kí lẹ mọ̀ nípa mọ́tò, Ìyá Múrí?”

“Aṣọ funfun tí ẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló ń fọ̀ ọ́?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ṣé ó ń ta ẹfun?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Wẹ́sídeè.

Ká sọ òótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà dára. Ohun tí mo mọ̀ nípa aṣọ ni mo lò, mo sì ń lò ó títí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Báàkẹ́ẹ̀tì méjì ni: omi ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú ìkejì tí mo ti ń ṣan àkísà kí ó tó padà sínú ọṣẹ, kí yanrìn má bàa tẹ̀ lé e. Láti òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ ni ìdọ̀tí ń lọ. Mo kọ́kọ́ da omi lé e kí eruku tó le tó rọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rẹ aṣọ. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo fi ṣe ìkẹyìn, àkísà tirẹ̀ sì dá wà, torí kò sí alágbàfọ̀ gidi tó máa da ìbọ̀sẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ àlùfáà. Gbogbo ìyẹn tọ̀nà.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni omi ìkẹyìn. Ẹni tó bá fọ aṣọ funfun láyé ìgbà yẹn mọ búlúù. Kóró kékeré kan ni, a máa ń dì í sínú àkísà, a ó fún un sínú omi tí a fẹ́ fi ṣan aṣọ, omi á pa àwọ̀ aró díẹ̀. Tí aṣọ bá gbẹ, á funfun débi pé ojú á fẹ́ máa ṣẹ́jú. Mo wo ọkọ̀ tí mo fọ̀ tán, ó mọ́, àmọ́ ó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Mo sọ nínú ara mi pé búlúù ló kù. Mo fún kóró kan sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ẹni pé kò tó, mo tún fún èkejì. Mo da omi náà lé ọkọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Mo lọ jókòó síbi òjìji, mo ń jẹ ẹ̀pà, ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ìgbà tí mo jẹ ẹ̀pà tán tí mo wẹ̀yìn, ọkọ̀ ti di nǹkan mìíràn. Orí rẹ̀ rí bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ara ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ilà ilà níbi tí omi ti ṣàn. Ẹfun tó wà lójú ọkọ̀ ti mu búlúù náà tán. Mo bu omi, mo fi ọṣẹ sí i, mo fọ̀ ọ́. Kò lọ. Mo tún fọ̀ ọ́. Ńṣe ló túbọ̀ ń tàn. Ojú tì mí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́nikẹ́ni níbẹ̀. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n gbé báàkẹ́ẹ̀tì mi kí n sá lọ. Mi ò lọ. Mo jókòó síbẹ̀ títí Mọ̀mí Bísí fi ti iléèwé dé ní nǹkan bí aago méjì.

Ó dúró lẹ́nu géètì. “Ìyá Múrí, mọ́tò ta nìyí?”

“Tiyín ni, mà.”

“Tèmi funfun.”

“Ó funfun láàárọ̀, mà.”

Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá dára kó pariwo. Ó gbé àpò ìwé àwọn ọmọ iléèwé kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó parí. “Wọ́n á ní mi ò tọ́jú ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀,” ó ń sọ ọ́ ṣáá. “Wọ́n á ní mi ò tọ́jú ẹ̀.” Mo ní kó fún mi di ọ̀la. Mi ò mọ ohun tí mo máa ṣe, àmọ́ mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀.

Mùṣín ni mo gbà lọ tààrà. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mò ń bá fọṣọ nígbà mìíràn, Ọ̀gá Làmídì, pẹ́ńtà mọ́tò àtijọ́ tí ọ̀dà ti wọ èékánná rẹ̀ títí láé. Nígbà tí mo rojọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan mú. Ó pe àwọn tó kù kí wọ́n wá gbọ́. Mo dúró, mo jẹ́ kí wọ́n rín tán.

“Ó fi búlúù fọ mọ́tò,” ó ní, ó ń nu ojú. “Ìyá Múrí, ṣé o sá a sórí okùn náà?”

“Ọ̀gá, ẹ ti rín ín tó. Ẹ sọ ohun tí mo máa ṣe.”

Ó mú mi lọ bá ọkọ̀ àtijọ́ kan, ó fi ìka ra á, ó fi ìka hàn mí. Ẹfun wà lórí ìka náà. Ó ní ọ̀dà ọkọ̀ ní awọ bíi téèyàn, tí oòrùn bá pa á títí, awọ òkè á kú, òun ló ń bó bí ẹfun yẹn. Awọ tó ti kú yẹn ló mu búlúù mi. Ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wá. Ó fún mi ní agolo kan. Nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ki bí ògì, àmọ́ tí o bá fi ìka ra á, wàá mọ̀ pé iyanrìn kíkúnná bí àtíkè wà nínú ẹ̀. Rọ́bìn ni àwọn pẹ́ńtà ń pè é. Ó ní kí n máa fi àkísà tútù ra á díẹ̀díẹ̀, ibi tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ kan lẹ́ẹ̀kan, kí n má ṣe é nínú oòrùn, kí n má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tí ara ọkọ̀ ti ṣẹ́ igun, torí ọ̀dà ibẹ̀ kò nípọn.

“Báwo ni mo ṣe máa mọ̀gbà tí mo máa dúró?” mo bi í. “Tí mo bá wá ra awọ ààyè mọ́ òkú ńkọ́?”

Ó wò mí, ó sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé e mì. “Búlúù ẹ ló máa sọ fún ọ. Ibi tí búlúù bá ṣì wà, òkú ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti tán, gbé ọwọ́ kúrò. Ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò ronú kan irú ẹ̀ rí.”

Ó ní òun ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, kí n ṣáà bá òun fọ agbádá Jímọ̀. Ó fi kún un pé tí mo bá fi búlúù sí i, kó mọ níwọ̀n.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ di iṣẹ́. Ọkọ̀ funfun tí oòrùn ti bà jẹ́, mo máa ń fún búlúù sínú omi díẹ̀, mo máa dà á sí i lára kí n tó fọwọ́ kan rọ́bìn. Bàbá kan wà ní Surulere, akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba, tó fẹ́ lé mi jáde nígbà tó rí ọkọ̀ rẹ̀ tó ń yí padà. Ó dúró tì mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún tìyàwó òun. Òun náà ló ní kí n fi kẹrosíìnì nu ara ọkọ̀ kó lè dán, bí dírẹ́bà rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ máa fi kẹrosíìnì para kí ẹ tó lọ ọ́fíìsì?” Kẹrosíìnì á dán fún wákàtí kan, gbogbo eruku títì á sì wá lẹ̀ mọ́ ọn. Kò tún dárúkọ ẹ̀ mọ́.

Àmọ́ Tọ́sìdeè yẹn, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi. Àwọn ará ilé bá mi tì í lọ sábẹ́ igi fúrúùtù, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Àwo kan, mo ra á yíká yíká, mo nù ún. Búlúù lọ, ẹfun lọ, ibi tó yọ lábẹ́ ẹ̀ funfun, ó sì ń dán tó jẹ́ pé mo rí ewé fúrúùtù nínú ẹ̀. Mo kígbe pe ara mi. Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo bí ọkọ̀ yẹn ṣe tóbi tó, mo sì wo àwo kan ṣoṣo tí mo ti ṣe. Kékeré ni ìjàpá lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Ẹni tó bá fọwọ́ ra gbogbo ara rẹ̀ ló mọ̀ bó ṣe tóbi tó.

Nígbà tí Mọ̀mí Bísí ti iléèwé dé, ó wò ó yíká. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà tíṣà, ó ró ìró mọ́yà, ó jáde, ó ní, “Apá wo ni tèmi?” Mo ní kó sinmi, iṣẹ́ mi ni. Ó ní mọ́tò òun ni. Ó gba apá òsì, mo gba apá ọ̀tún. A ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú tí a ò rí ìyàtọ̀ àwọ̀ mọ́, a tún bẹ̀rẹ̀ ní Fúráìdè. Apá ń ro mí láti èjìká dé ìka. Èékánná àwa méjèèjì ti di búlúù.

Ibì kan wà létí fèrèsé dírẹ́bà, nísàlẹ̀ gíláàsì, tí búlúù kò mú rárá. Ó dán bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún. Mo pe Mọ̀mí Bísí pé kó wá wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé e.

“Apá Dádì Bísí ni,” ó wí. “Ibí ló máa ń gbé apá lé tó bá ń wakọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ibí yìí fúnra mi.”

Mo bi í léèrè nígbà náà ìdí tí kì í fi í wa ọkọ̀ jáde, nígbà tó mọ̀ ọ́n wà. Ó ń nu ojú kan náà lọ. Ó ní ọkọ òun ló kọ́ òun, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ṣì ń gba apá òsì títì. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa bọ́ sí apá ọ̀tún, kò tó oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi kú. “Apá ọ̀tún yìí,” ó ní, “kò sẹ́ni tó kọ́ mi.” Ó dùn mí wọra, ni mo bá bọ́ sídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń tú àṣírí ẹni tó fọ̀ ọ́. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí yọ àwo irin tó bo àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo fi eérú kíkúnná àti omi fọ̀ wọ́n bí a ṣe ń fọ ìkòkò, títí tí mo fi ń rí imú ara mi tó fẹ̀ nínú wọn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ yọ ìdọ̀tí láàárín nọ́ọ̀tì. Nígbà tí a ṣe tán ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, a fi aṣọ rírọ̀ kun póláíṣì lé gbogbo ara rẹ̀, kí awọ tuntun náà má lọ jìyà bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn tó ń kọjá ń dúró. Ẹnì kan bi wá bóyá ọkọ̀ tuntun ni.

Bàbá dé ní Sátidé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Bọ̀dá Dípọ̀ tẹ̀ lé e. Mo wà níbẹ̀, mo ṣe bí ẹni pé aṣọ ni mo wá kó. Bàbá kò kí ẹnikẹ́ni tán tó fi lọ síbi ọkọ̀. Ó fi apá agbádá rẹ̀ nu orí ọkọ̀ gbọọrọ, ó yí i wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó tún nu ara ilẹ̀kùn. Ó ṣe “Hẹ̀n.”

Mo rò pé ó ti parí. Kò parí. Bọ̀dá Dípọ̀ ti yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ ń dán ju ọkọ̀ lọ.

“Bàbá, ẹ rí i bí ó ṣe dára?” ó ní. “Mọ́tò tó dára báyìí, ṣé ibi tó yẹ kó jókòó sí nìyí? Ọkùnrin ló yẹ kó máa wà á. Ní báyìí ló tilẹ̀ yẹ kí n gbé e.”

Inú bí mi gan-an. Àwa la ra á di tuntun, ọkọ̀ tí kò wù ú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ta ẹfun ló wá ń wù ú báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, alágbàfọ̀ lásán ni mí, mo sì di ẹnu mi mú débi pé eyín ń dùn mí.

“Ta ló ṣe é?” Bàbá béèrè.

“Èmi àti Ìyá Múrí ni, Bàbá,” Mọ̀mí Bísí dáhùn.

“Ìwọ náà?” Ó na ọwọ́. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ tiẹ̀ sí i. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò, àtẹ́lẹwọ́ tó ti bó, èékánná tó di búlúù. “Kí ló ṣe èékánná ẹ?”

Ni mo bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo sọ ọ́. Mo sọ ti búlúù, mo sọ ti kóró kejì, mo sọ ti ẹ̀pà tí mò ń jẹ. Bàbá kọ́kọ́ la ẹnu sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì.

“Bàbá, ẹ̀yin náà gbọ́,” Bọ̀dá Dípọ̀ ní. “Wọ́n fẹ́ bà á jẹ́ pátápátá.”

“Wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì tún un ṣe,” Bàbá wí, ẹ̀rín ti tán lójú ẹ̀. “Ìwọ, láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ ti kú, ọjọ́ wo lo bu omi kan lé e?” Bọ̀dá Dípọ̀ wo ilẹ̀. Bàbá tún yíjú sí obìnrin náà. “Àmọ́ òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyàwó. Ọkọ̀ tí kì í kúrò lójú kan, àga ni. Mi ò ní fi àga sílẹ̀ fún ọ kí n máa pè é ní mọ́tò. Ọ̀yìngbò ni mo wọ̀ sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Gbé mi débẹ̀.”

Mo wo ojú Mọ̀mí Bísí. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ báyìí, èmi kò sì lè bá a ra ìyẹn. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú bàtà tíṣà lẹ́sẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nítorí pé ilẹ̀kùn méjì péré ni ìjàpá ní, Bọ̀dá Dípọ̀ ní láti tẹ̀ ba kó tó ráyè wọ ẹ̀yìn, tòun ti ikùn. Bàbá jókòó síwájú. Ọkọ̀ náà ta kété, ó kú. Ó tún tan án, ó tún kú. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá Dípọ̀ láti ẹ̀yìn, mi ò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà kẹta, ó lọ. Ó dé ẹnu títì, ó dúró, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fun fèrè. Ó wá yà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún, mi ò sì rí wọn mọ́.

Mi ò lọ sílé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń ṣe gbogbo àdúrà tí mo mọ̀. Òjò kékeré kan rọ̀, ó dá. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ kí n tó rí ìjàpá funfun kan tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, lápá ọ̀tún gan-an. Mọ̀mí Bísí nìkan ló wà nínú ẹ̀.

Ó pa ẹ́ńjìnnì, kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré lọ síbi fèrèsé. Ó ti gbé apá lé e.

“Bàbá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀yìngbò,” ó ní. “Bàbá sọ ọ́ lójú Bọ̀dá Dípọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tún dárúkọ mọ́tò yìí mọ́. Mo já a sí Tejúoṣó lójú ọ̀nà àbọ̀. Ó kí mi kú iṣẹ́.”

Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i pé ẹrẹ̀ ti ta sí gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí mo fọ̀ bí ìkòkò. Mo yára lọ gbé báàkẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Mọ̀mí Bísí ti sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án, Ìyá Múrí,” ó wí. “Láti òní lọ, èmi ni mo máa máa fọ mọ́tò mi.”

Bí mo ṣe pàdánù oníbàárà mi àkọ́kọ́ nìyẹn.